Ọ̀bẹ Inú Àpò Rẹ àti Àgbò Ìyá Àgbà

Ilé wa, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun,
Lẹ́yìn ìrun Àsùbá.

Mùíbátù, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé níbi tó o wà. Ṣé ilé tí wọ́n fún ọ kò jò? Ṣé omi ibẹ̀ ṣeé mu? O kú iṣẹ́ tuntun o. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ló tún wá fi gbígbọ̀n kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Ibi tó o bá ti rí i pé bíírò yí àwọ̀ padà, ibẹ̀ ni mo ti lọ sinmi.

Wàá bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màámi ò kàn pè mí. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Lẹ́ẹ̀kejì, mo tún bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Màámi, ṣé oúnjẹ nìkan lẹ pè fún ni?" Oúnjẹ kọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni kò jáde lẹ́nu mi.

Ìbéèrè tó o bi mí ló fà á. O ní níbi iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran tí wọ́n gbé ọ lọ sí Ṣakí, o nílò ọ̀bẹ kékeré kan, irú èyí tó ń pa dé, tó o lè máa fi sápò lójoojúmọ́, láti gé okùn, láti la àpò oúnjẹ ẹran, láti ṣí páálí oògùn. O ní èwo ni kó o rà. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní Ìsímáílà àfẹ́sọ́nà rẹ sọ pé obìnrin tó ń fi ọ̀bẹ sápò, ojú mìíràn làwọn èèyàn á fi máa wò ó, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ọ̀bẹ, kó o máa pe ọkùnrin tó bá wà nítòsí. O ní, "Màámi, kí lẹ rí sí i?" Mo ní màá pè ọ́ padà. Oṣù kan gbáko rèé.

Ó ti rẹ̀ mí, Àníkẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ọjọ́ orí rẹ ṣe pọ̀ tó ni ọdún tí mo ti ń gbé e kiri ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí ọ̀bẹ ná, nítorí ohun tó o bèèrè nìyẹn, mo sì mọ̀ nípa rẹ̀.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ọgbà irúgbìn ni mo ṣe títí orúnkún fi ní ó tó. Ọ̀bẹ tó ń pa dé la fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A máa ń gé ojú kékeré, ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń rú jáde, lára ẹ̀ka ọsàn dídùn, a ó la èèpo ọsàn kíkan, a ó tẹ ojú náà bọ abẹ́ rẹ̀, a ó sì fi ọ̀rá wé e. Bí ọ̀bẹ kò bá mú, ojú náà á kú. Ojú ọsàn tí mo pa kí n tó gbọ́n kò níye.

Èkíní, má tìtorí ẹwà ra ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, èèkù rẹ̀ pupa bí ata rodo. Ó ní ṣíbí, ó ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí kóòkì, ó ní àlùmọ́gàjí kékeré, ó tún ní ohun kan tí n kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe títí dòní. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín, gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Síkírá, èwo nínú gbogbo ẹbí yìí ló ń gé nǹkan?" Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú àwọn fúnra wọn. Kò tó oṣù mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi ń mì bí eyín arúgbó. Ojú kan ṣoṣo ti tó ọ. Kí ó gùn tó ìka àárín rẹ, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ pé ta lo fẹ́ gún.

Èkejì, wá èyí tó ní ìdè. Irin kékeré tó máa ń há ojú ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ tó o bá ti ṣí i ni mò ń wí, tí kò ní jẹ́ kó pa dé àfi tó o bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àpá tó wà lára ìka tí mo fi ń júwe nǹkan, tí mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé dòjé ló gé mi, irọ́ ni. Ọ̀bẹ tí kò ní ìdè ló pa dé mọ́ ọn, lẹ́yìn tí mo ti ṣiṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rin, tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ojú ló tì mí. Kó o tó sanwó, ṣí i, mì í wò bóyá ojú rẹ̀ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kó ìka rẹ kúrò lọ́nà, kó o wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà lu etí tábìlì jẹ́jẹ́. Bó bá pa dé, dá a padà fún ọlọ́jà. Bí ẹni tó ń tà á bá ń bínú, ọjà ara rẹ̀ ló ń bẹ̀rù.

Ẹ̀kẹta, kí ọwọ́ kan lè ṣí i, nítorí ọwọ́ kejì á wà lára ẹran. Ṣùgbọ́n má ra èyí tó ń fò jáde fúnra rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jà. Bí àwọn agbófinró bá yẹ àpò rẹ wò lójú ọ̀nà, ọ̀bẹ òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n rí. Kí wọn dáadáa, sọ iṣẹ́ rẹ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ líle jáde lẹ́nu rẹ.

Kí èèkù rẹ̀ má yọ̀. Da omi sọ́wọ́ kó o tó dì í mú wò ní ìsọ̀, jẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́. Ní ti irin, èyí tó ń dípẹtà máa ń gba pípọ́n kíá, èyí tí kì í dípẹtà máa ń ṣagídí lórí òkúta. Iṣẹ́ tìrẹ kò jìnnà sí omi àti ẹ̀jẹ̀, èyí tí kì í dípẹtà ni kó o mú, kó o wá ní sùúrù láti pọ́n ọn. Máa pọ́n ọn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nù ún kó o tó pa á dé, kó o kán òróró sí oríkèé rẹ̀. Ọ̀bẹ tó kú léwu ju èyí tó mú lọ, torí agbára lèèyàn máa ń lò fún un, ibi tí kò sì fẹ́ ló máa gé.

N kò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Èyí tó kàn ni pé má na ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni ní ṣíṣí. Pa á dé, tàbí kó o gbé e sílẹ̀ kí onítọ̀hún mú un. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ló kọ́ mi níyẹn. Ó ní ọ̀bẹ tó bá ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ máa ń dájà sílẹ̀.

Mo ti dárúkọ rẹ̀ wàyí. Jẹ́ kí n lọ sinmi.

Mo ti dé. Bíírò dúdú ni mo fi ń kọ báyìí.

O kò mọ Ìyá Àgbà. Àwòrán rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ lo mọ̀, níbi tó ti di ojú bí ẹni tí wọ́n fipá gbé jókòó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aláwàdà ni. Nígbà tí bàbá àgbà, ọkọ rẹ̀, kú, ó ra ọmọ àgbò kan, funfun, tó ní dúdú yí ojú kan ká. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi sìn ín. Èèpo iṣu ilé wa, tirẹ̀ ni. Bí ó bá jí, àgbò náà ló ń kọ́kọ́ kí. Tẹ́lẹ̀, lórí ẹran ọkọ rẹ̀ ló ti máa ń ṣe Iléyá bíi ti gbogbo obìnrin ilé. Ó wá ní òun náà fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ẹran tí òun fọwọ́ ara òun sìn, ní orúkọ ara òun. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ìyàwó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń tọrọ. Lẹ́yìn ẹ̀, kí Ọlọ́run pè mí nígbà tó bá wù ú."

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Iléyá pé. Bàbá rẹ wà lóko. Ìyá Àgbà lọ kí aláìsàn ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Èmi nìkan ni mo wà nílé, ìwọ sì wà lẹ́yìn mi, o ń sùn, o kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́jọ. Mo gbọ́ tí nǹkan ń já gììrì lẹ́yìnkùlé. Àgbò náà ti gun orí ògiri àlàpà ẹ̀yìn ilé, ó fò sí òdì kejì, okùn rẹ̀ kò gùn tó, ló bá so rọ̀.

Ọ̀bẹ ọgbà mi wà ní etí ìró mi. Ó mú débi pé ó lè fá irun. Mo fi ọwọ́ kan ṣí i, mo gé okùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àgbò bọ́ sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti yẹ̀. Ojú rẹ̀ ń yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta, ṣùgbọ́n ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ń mí. Mùíbátù, ó ń mí.

Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, mo mọ ohun tó kàn. Bí a bá dárúkọ Ọlọ́run, tí a dú ẹran náà nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀, ó di ẹran jíjẹ. Bí ó bá kú fúnra rẹ̀, ó di òkú ǹbete, àfi kí a sin ín. Àtikékeré ni mo ti ń wo bí bàbá mi ṣe ń ṣe é. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi ní ṣíṣí. Mo dúró. Mo ní lọ́kàn mi pé obìnrin kì í dú ẹran. Mo tún ní ọmọ Ìlobùú ni mí, ìyàwó tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta nílé ọkọ, ìjà lórí ilẹ̀ sì ti wà láàrin ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí mi. Kí ni wọ́n máa sọ bí ọmọ Ìlobùú bá fi ọ̀bẹ sọ́rùn àgbò ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìfọ́n? Mò ń ro gbogbo èyí, àgbò ń mí.

Mo pa ọ̀bẹ dé, mo sáré lọ wá ọkùnrin.

Ilé méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́nì kan. Níkẹta, mo bá bàbá káfíńtà kan lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní, "Ọ̀bẹ dà?" Ayùn ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ó wọlé lọ, ó ń tú ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ wò, mò ń gbọ́ ìró àwo. Ọ̀bẹ wà ní etí ìró mi. N kò sọ. Bí mo bá mú un jáde, á bi mí ìdí tí n kò fi lò ó. Ibi tí mo ṣẹ̀ jù nìyẹn. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń tú àwo wò, inú mi máa ń bàjẹ́.

Nígbà tá a fi máa débẹ̀, eṣinṣin ti ń bà á lójú. Bàbá náà ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní, "Àánú ṣe mí o, ìyàwó. Díẹ̀ báyìí ló kù."

Ìyá Àgbà dé nírọ̀lẹ́. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ó tó wọlé. Ó ní, "Kín ló dé, Ìyàwó? Ọmọ ńkọ́?" Mo ní ọmọ wà. Mo ròyìn fún un. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró tì í títí. Ó wá ní, "Ṣé kò sọ́bẹ nílẹ̀ ni?"

Mo ní, "Kò sí nítòsí, Màmá. Ẹ forí jì mí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn náà nílẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa ibi tí mo ti gé e. Okùn náà gé gérégé, kò sí fọ́nrán kan tó yọ. Ó ká a jọ, ó ní, "Ẹran ló kú, kì í ṣọmọ. Dìde."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó ní kí n bó ọsàn fún òun. Mo ń lọ mú ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ó ní, "Rárá, ọ̀bẹ tìẹ ni kó o fi bó o. Ó mú." Mo yọ ọ́ jáde ní etí ìró mi níwájú rẹ̀. Mo bó ọsàn náà, èèpo rẹ̀ kò já. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó ní ọsàn náà dùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ náà fún ọmọ rẹ̀, kò sọ fún ará ilé. Kí Iléyá tó tún yí po, ó ti kú. Kò rí ẹ̀ẹ̀kan tó ń tọrọ yẹn ṣe.

Ilé ara rẹ̀ ni ọ̀bẹ ń wó, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Mo rò pé Ìyá Àgbà ni mò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún.

Lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, mo lọ bá àlùfáà àdúgbò wa ní Ìlobùú. Mo ní ẹnìkan ló ní kí n bá òun bèèrè. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Obìnrin Mùsùlùmí tó mọ bí wọ́n ti ń dú ẹran, tó dárúkọ Ọlọ́run sí i, ẹran rẹ̀ hàláàlì ni. Ta ló sọ fún ẹni náà pé kò dáa?" Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Mo ṣáà mọ̀ ọ́n ni. Àwọn àgbà kúkú wí pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Mo máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ẹlòmíràn.

Nítorí náà, Àníkẹ́, ìdáhùn mi rèé, bó tilẹ̀ pẹ́. Ra ọ̀bẹ náà. Ra èyí tó dára, kó mú, kó ní ìdè. Ṣùgbọ́n kó o tó rà á, mọ ohun tí ọwọ́ rẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹlòmíràn níbẹ̀, torí ọ̀bẹ tèmi mú, kò dú ẹran. Bí o bá sì ṣàṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di pé ọ̀bẹ wà ní etí ìró rẹ tí wọ́n ń tú ilé ìdáná onílé wò. Ọ̀rọ̀ tí à bá sọ lójú kan náà, tí a fi pamọ́, a máa dàgbà bí ọmọ, a sì máa jẹun lára ẹni.

Má bá Ìsímáílà jà. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi débi pé mò ń bẹ̀rù fún aṣọ rẹ̀. Ohun tó sọ, èmi náà mọ̀ ọ́n nígbà kan, láìsí ẹni tó kọ́ mi. Ka lẹ́tà yìí fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má fo ibi kankan nítorí ojú mi. Ojú mi ti tì mí tó.

Ó ku ohun kan. Àgbò kan wà lẹ́yìnkùlé. Láti kékeré ni mo ti ń sìn ín, o rò pé títà ni mo fẹ́ tà á. Ti Ìyá Àgbà ni. Mo ti bá àlùfáà sọ ọ́, ó ní a lè ṣe é ní orúkọ ẹni tó ti lọ. Mo ti ní kí wọ́n wó ògiri àlàpà yẹn dànù, okùn àgbò náà sì gùn dáadáa. Èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi dú u. Ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbìyànjú láti bó ọsàn, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé èèpo náà já sí ọ̀nà mẹ́fà. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n jẹ ẹran níyà. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Wá sílé fún Iléyá, ọmọ mi. Mú ọ̀bẹ rẹ dání, kó o ti pọ́n ọn. Ìsímáílà ni kó di ẹsẹ̀ àgbò mú. Ìwọ ni wàá dú u. O wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ ti àgbò àkọ́kọ́, o sùn, o kò rí nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá dúró lẹ́yìn rẹ.

Ará ilé á pọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì ní ṣàì sí ẹnìkan tó máa bèèrè pé ṣé kò sọ́bẹ lọ́wọ́ ọkùnrin kan níbí ni. Má dá a lóhùn. Èmi ni kó o jẹ́ kí n dá a lóhùn. Láti ọdún náà wá ni mo ti ń wá ẹni tó máa tún ìbéèrè yẹn bi mí, kí n lè sọ pé ọ̀bẹ wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Síkírátù.